Ìbejì Mùjíbátù

Rùqáyyàh kú lórí ìkúnlẹ̀ ní Ẹrúnmu. Ọkọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọmọ tó fi sílẹ̀ ni Muhsinah. Mùjíbátù, ẹ̀gbọ́n Rùqáyyàh, ń tọ́ Zubaidah tirẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, ọmọ náà kò tíì lè jókòó. Ó gbé àwọn méjèèjì sí àyà, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Láti ìgbà náà ni gbogbo wa ti ń pè é ní Ìyá Ìbejì. Àwa àgbà mọ èyí tí òkú bí, ṣùgbọ́n a kì í pe ọmọ ní òrukàn lójú ẹni tó fún un lọ́mú. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀.

Wọ́n ti wọ ilé ìwé girama nígbà tí Akíntáyọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, wá kéde pé ìjọba yóò máa fi owó ran àwọn tó ń tọ́ ọmọ òrukàn lọ́wọ́. Ẹnì kan júwe ilé Gàfárù, ọkọ Mùjíbátù, fún un. Ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ṣùgbọ́n ìṣojú àwọn ọmọ, níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, ló ti béèrè.

“Ìyá, èwo ni òrukàn nínú àwọn méjèèjì? A ó ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù.”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

“Ọmú kan náà ni wọ́n mu,” Mùjíbátù dáhùn. “Kò sí òrukàn nílé yìí.”

Akíntáyọ̀ ṣàlàyé títí pé bí wọn kò bá tọ́ka sí ọmọ kan, owó kò ní jáde. Mùjíbátù kò tọ́ka. Nígbà tí òṣìṣẹ́ náà lọ tán, Gàfárù ní owó kanlẹ̀kùn, ìyàwó òun ní kò sẹ́ni nílé. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo imú ara wọn, wọ́n ń wo etí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, màlúù wọ oko Gàfárù, ẹ̀gẹ́ run. Owó ọkọ̀ ilé ìwé ní Ẹgbẹ́dá kò ká ọmọ méjì mọ́. Ó wá di dandan kí Mùjíbátù yan ọ̀kan. Àmáánà ni Muhsinah, ohun tí òkú fi sí i níkàáwọ́. Bó bá dá a dúró kó lè rán tirẹ̀, kí ni yóò wí fún Rùqáyyàh lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀? Ó ní kí Zubaidah dúró sílé.

Zubaidah kò sunkún. Ó kó ìwé rẹ̀ fún Muhsinah, ó jókòó ti agbada gàrí.

“Màámi, ṣé èmi wá ni òrukàn náà?”

Muhsinah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Bí Mùjíbátù bá ní rárá, ó ti dárúkọ ọ̀kejì nìyẹn.

“Ọmú kan náà ni ẹ mu,” ló wí.

Bí ẹni tó ti rí èsì gbà, Zubaidah tẹra mọ́ gàrí tó ń yan. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní Màámi mọ́. Ìyá Muhsinah ló ń pè é.