Ìkéde Tó Wà Láàárín Ìpolówó

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọbìnrin mi gba fóònù mi, ó ní òun fẹ́ bá mi dí gbogbo ìpolówó tó ń yọ lójú rẹ̀. Ó ní dátà mi á pẹ́, ọkàn mi á sì balẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Èmi náà ti dí ìpolówó rí, kí wọ́n tó bí i.

Láyé ìjọba ológun ni, nígbà tí mílíìkì di ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò tí a kì í rí lọ́jà. Tíṣà ni ọkọ mi ní Aradagun, ìlú tó jìnnà sílé wa, torí Èkìtì la ti wá. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé, ohun kan ṣoṣo tó sì ń tọrọ ni kí òun fojú kan àkọ́bí òun kí òun tó lọ. Àbúrò ọkọ mi wá ṣàlàyé.

"Ẹ̀gbọ́n, bí àìsàn Màmá bá le sí i, màá ní kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò. Ẹ ṣáà máa gbọ́ ọ."

Ọkọ mi fa rédíò lé mi lọ́wọ́, torí èmi ni mo ń wà nílé. Bátìrì wọ́n bí ojú nígbà náà. A máa ń sá a sóòrùn kó lè tún sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo wá dá ọgbọ́n kan: tó bá di àkókò ìròyìn, mo tàn án, tí ìpolówó bá dé, mo pa á. Mo rò pé inú ìròyìn ni irú ìkéde bẹ́ẹ̀ máa wà. Bátìrì pẹ́ lóòótọ́. Ọmọ mi ọkùnrin tó máa ń sunkún tí orin mílíìkì bá dún náà sinmi. Mo pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi lóhùn jẹ́jẹ́. Wọ́n á wo ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n á yára kọjá. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Lọ́jọ́ kẹta, aládùúgbò wa, obìnrin Ègùn kan tó ń ra ẹja wá láti Topo, dúró pẹ̀lú agbọ̀n lórí.

"Ìyàwó Tíṣà, ẹ ò tíì lọ?"

"Lọ síbo, Ìyá wa?"

Ó wò mí, ó wo bátìrì tí mo sá sórí pèpéle. "Kò sí o. Mo kàn ń bèèrè ni."

Ó bu ẹja fún mi, kò sì gba owó rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo tan rédíò, mi ò pa á. Orin mílíìkì kọjá, ọmọ sunkún, ìpolówó ọṣẹ kọjá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: kí tíṣà ọmọ Èkìtì tó wà ní Aradagun máa bọ̀ nílé kíákíá, ìyá rẹ̀ ń fẹ́ rí i. Wọ́n ní ìgbà ìkẹyìn tí àwọn máa kéde rẹ̀ nìyẹn. Àṣé àárín ìpolówó ni wọ́n máa ń fi ìkéde tí a bá sanwó rẹ̀ sí. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́, àfi èmi.

Nígbà tí ọkọ mi wọlé, mo ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde rẹ̀ ni. Ó gbéra ní ìdájí. Wọ́n ti sin Màmá kó tó dé. Àbúrò rẹ̀ búra pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kéde. Ọkọ mi ní irọ́ ni, pé ìyàwó òun ló ń gbọ́ rédíò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì gbọ́ ọ. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọkọ mi fi kú.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo gba fóònù mi padà lọ́wọ́ ọmọbìnrin mi, mo ní kó fi ìpolówó sílẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń retí níbẹ̀?"

Àbúrò bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé ní Èkìtì. Mi ò tíì sọ fún un pé èmi ni mò ń pa rédíò.