Pírámárì Síìsì Tí Wọ́n Ń Fò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, bí ilé-ìwé aládàáni kankan bá wà láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndò tó ní Pírámárì Síìsì, èmi ò mọ̀ ọ́n. Láti Pírámárì Fáìfù ni àwọn ọmọ ti ń ṣe ìdánwò àtiwọ girama, wọ́n á sì gba ibẹ̀ lọ. Bí òbí bá gbọ́ pé ilé-ìwé kan ń dá ọmọ dúró de Síìsì, á ní wọn ò mọ̀wéé kọ́ níbẹ̀ ni.

Èmi ni mo ń kọ́ Fáìfù nílé-ìwé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń bí mi nínú. Iṣẹ́ ọdún méjì ni mò ń kì sínú ọdún kan. Màá fo ìdá nínú ìṣirò, màá fo àwòrán ilẹ̀, ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ṣá la fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ń yege, irọ́ kọ́. Àmọ́ àwọn kan máa ń padà wá bá mi láti girama, wọ́n á máa sunkún nítorí ìṣirò.

Lásìkò yẹn ni onílé-ìwé wa, opó kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ń wá ẹni tí yóò máa ṣe àkóso ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo kíláàsì. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn, mi ò fi bò. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì, mo ní tó bá fún mi, Pírámárì Síìsì ni màá kọ́kọ́ dá padà.

Ó wò mí títí. "Tí àwọn òbí bá kó ọmọ wọn lọ ńkọ́?"

"Wọn ò ní kó wọn lọ tán, mà."

"Ó dáa. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o sọ fún wọn. Tí kíláàsì yẹn bá ṣófo ní Sẹ̀tẹ́ńbà, kó o wáṣẹ́ síbòmíì." Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Níbi ìpàdé òbí, mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Bàbá kan tó ń kọ́lé sí Ayọ̀bọ̀ dìde. Ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi, orí ọmọ náà sì pé.

"Àǹtí, ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ẹ fẹ́ fi ọdún kan ọmọ mi ṣòfò."

Mo ní, "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, sà."

"Ẹni tó ní òun á dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ṣebí kíláàsì yín náà ni ọmọ tiyín wà? Ṣé òun náà máa ka Síìsì?"

Gbogbo òbí yíjú sí mi. Ọmọ mi obìnrin wà ní Fáìfù lóòótọ́, ó sì ti ń kọ́ bó ṣe máa de táì girama. Mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nílé. Mo ní, "Ó máa kà á, sà."

Nígbà tí mo délé tí mo rò ó fún ọkọ mi, inú bí i gan-an. Ó ní ṣé kí n lè dọ̀gá ni mo ṣe fẹ́ dá ọmọ òun dúró. Ó yàn mí lódì, nígbà tó sì yá, ó ní kí n máa ṣe é lọ jàre.

Ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ọ̀pọ̀ ọmọ lọ, ti bàbá Ayọ̀bọ̀ náà lọ. Àwọn díẹ̀ kù, wọ́n ṣáà tó tí onílé-ìwé ò fi ti kíláàsì náà pa. Ó fún mi ní iṣẹ́ àkóso náà, pẹ̀lú yàrá kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ṣọ́ọ̀kì sí. Inú mi dùn gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ mi jókòó sí iwájú ilé wa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ka Fáìfù kọjá nínú yunifọ́ọ̀mù girama, ó juwọ́ sí i.

"Mọ́mì, ṣé mo fẹ́èlì ni?"

"O ò fẹ́èlì."

"Ṣé torí iṣẹ́ yín ni?"

Mo wá irọ́ tí mo lè pa fún un, mi ò rí. Ó dùn mí wọra.

"Torí iṣẹ́ mi náà ni," mo wí.

Ó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ sí orí ẹ̀kọ́ nípa ìdá, ó sì sún un sọ́dọ̀ mi.