Máàkì Tí Mórẹ̀nikẹ́ Fagi Lé

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ Ọ̀gá Ọláńrewájú ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo mú páálí ṣọ́ọ̀kì kan dání, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìgàndò. Ọ̀gá wò mí látòkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, àgbàlagbà lo fẹ́ kọ́ níbí o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jù ọ́ lọ. Ohun tó o bá sọ fún wọn ni wọ́n máa ṣe, nítorí náà má ṣe kálòlò níwájú wọn."

Yàrá kan ṣoṣo ni ibi iṣẹ́ náà, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta fóòmù. Òṣìṣẹ́ báńkì, nọ́ọ̀sì àti tíṣà ló ń wá síbẹ̀ ní Sátidé, àwọn tó ti kúrò ní yunifásítì tipẹ́, tí wọ́n fẹ́ lọ gboyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣòwò lókè òkun. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún tó gbà wọ́n, wọ́n ní láti ṣe ìdánwò ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì kan lórí kọ̀ǹpútà. Ìdánwò yẹn là ń múra wọn sílẹ̀ fún.

Kì í ṣe ìdánwò tí ènìyàn ń há sórí. Irú ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ rárá. Wọ́n á fún ọ ní gbólóhùn méjì nípa ìṣirò kan, wọ́n á ní kí o sọ bóyá gbólóhùn náà tó láti fi rí ìdáhùn. Ó-tó-àbí-kò-tó là ń pè é. Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kò lè fara da ìyẹn. Á ṣírò rẹ̀ dé ìparí, àkókò á sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo ní, "Bàbá, wọn ò béèrè iye tó jẹ́ lọ́wọ́ yín o."

Ó ní, "Tíṣà, kí n rí ìṣirò kí n fi í sílẹ̀ láìṣe? Ọkàn mi ò ní balẹ̀ jàre."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá yìí ṣe ìdánwò náà kó tó yege.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún tún máa ń ṣọ́ bí o ṣe ń ṣe sí. Bí o bá gba ìbéèrè kan, èyí tó le jù ú lọ ló máa gbé wá. Bí o bá ṣì í, á gbé èyí tó rọrùn wá. Inú èyí ni Ọ̀gá ti yọ òfin kan, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pélébé tí a ń fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́: bí ìbéèrè bá ti ń rọrùn fún ọ, mọ̀ pé o ti ń já bọ́. Bí ó bá parí bẹ́ẹ̀, fagi lé máàkì rẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ má baà rí i. Nígbà yẹn, bí ènìyàn bá parí ìdánwò, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ bi í bóyá kí òun gba máàkì náà wọlé tàbí kí òun fagi lé e. Ìgbà tó bá yàn tán ló tó mọ iye tó gbà. Bó bá sì fagi lé e, kò ní rí i.

Mo bi Ọ̀gá nígbà kan pé, "Ọ̀gá, níbo lẹ ti rí òfin yìí?"

"Ẹnì kan tó ṣe é tó sì gbà á dáadáa ló sọ fún mi."

Mi ò béèrè mọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, èmi ni mò ń sọ ọ́ ju Ọ̀gá lọ. Mo máa ń gbá tábìlì bí mo bá ń sọ ọ́.

Ọdún kẹrin mi níbẹ̀ ni Mórẹ̀nikẹ́ wá. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti bímọ méjì. Ìjẹ̀gùn ló ń gbé. Bàtà méjì ló máa ń mú rìn, ọ̀kan fún ẹrẹ̀ àdúgbò wọn, ọ̀kan fún kíláàsì. Pẹ̀lú ọ̀kadà àti bọ́ọ̀sì tó ń wọ̀, òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ti kọ lẹ́tà sí i pé àwọn fẹ́ ẹ, àwọn á sì kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Máàkì ìdánwò yìí nìkan ló kù, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn. Ó fi lẹ́tà náà hàn mí.

"Tíṣà, ọkọ mi ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun máa gbà fún mi. Bí kò bá bọ́ sí i, kí n gbàgbé ẹ̀. Ìyá mi ti gbà láti máa tọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wojú mi o, ẹ kọ́ mi dáadáa."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ọwọ́ mi lẹ wà."

Oṣù márùn-ún la fi ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pín ìdá sí ìdá. Nígbà tó yá, mi ò ní tíì kọ ìbéèrè tán sójú pátákó tí á ti dáhùn. Àwọn yòókù á ní, "Ẹ jẹ́ káwa náà sọ̀rọ̀, àbí ẹ̀yin nìkan lẹ wà ní kíláàsì ni?" Á bo ẹnu, á rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti rò ó nígbà yẹn pé ẹni tó bá ti múra tó báyìí, ìdánwò máa rọrùn fún un. Mi ò rò ó.

Ọ̀sán Tọ́sìdeè ló jáde nínú ìdánwò, ó sì pè mí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Tíṣà, ó rọrùn jù."

"Báwo?"

"Nígbà tí ìṣirò dé ìdajì, ṣe ló ń rọrùn sí i. Mo rí ọ̀kan tí ọmọ mi àkọ́bí lè ṣe. Àyà mi já. Mo rántí ohun tẹ́ ẹ kọ́ wa."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo fagi lé e."

Ohun tí mo sọ nìyí, mi ò sì ní gbàgbé ẹ̀: "Ẹ ṣe dáadáa, mà. Ó sàn ju kí wọ́n rí máàkì tí kò dáa."

Mo yìn ín.

Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn tún ìdánwò náà ṣe lọ́jọ́ kejì. Àyè tó tún ṣí sílẹ̀ ti kọjá ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ dá fún un. Ó kọ̀wé bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Inú ìbànújẹ́ yẹn ló wà tó fi jókòó ti ìwé tí àwọn tó gbé ìdánwò náà kalẹ̀ kọ fún àwọn tó fẹ́ ṣe é, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rí nǹkan méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọn ìbéèrè kan wà tí wọn kì í fún ní máàkì, wọ́n kàn ń dán wọn wò ni, ó lè rọrùn, ó lè le, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bí ènìyàn ṣe ń ṣe sí. Èkejì, ẹni tó bá fagi lé máàkì lè kọ̀wé pé kí wọ́n dá a padà. Ó kọ̀wé lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí máàkì náà fi máa padà dé, ilé-ẹ̀kọ́ ti fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Kò sí ẹni tí a kọ́ rí tó gba máàkì tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé tó kà yẹn ti wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi láti ọdún tí mo débẹ̀. Ibi ìṣirò nìkan ni mo kà.

Ó wá ní Sátidé, ó gbé bébà máàkì náà síwájú mi, ó fi ìka tọ́ka sí iye tó wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà." Ó yíjú padà, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Mo mú bébà náà lọ bá Ọ̀gá. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo ní kí á yọ òfin yẹn kúrò nínú ìwé wa. Bébà nìkan ni Ọ̀gá ń wò.

"Irú máàkì wo rèé! Láti ọ̀dọ̀ wa níbí?"

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo rí bánà ńlá kan níwájú ibi iṣẹ́ wa, tó kọjú sí títì. Fọ́tò Mórẹ̀nikẹ́ tó lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù tó fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni wọ́n fẹ̀ síbẹ̀, wọ́n kọ máàkì rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n ní: "Akẹ́kọ̀ọ́ wa rèé. Ìwọ ló kàn!" Ọ̀nà yẹn ni Mórẹ̀nikẹ́ ń gbà lọ síbi iṣẹ́.

Mo sáré wọlé. "Ọ̀gá, obìnrin yìí kò lọ síbì kankan o. Àwa la ba tiẹ̀ jẹ́."

"Ṣé irọ́ ni máàkì yẹn?"

"Rárá, sà."

"Ṣé kì í ṣe àwa la kọ́ ọ?"

"Àwa ni, sà."

"Irọ́ wo ni mo wá pa? Lọ wọ kíláàsì, jàre. Àwọn ènìyàn ń dúró dè ọ́."

Mo lọ wọ kíláàsì. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Yàrá kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà, àwọn mìíràn dúró sẹ́nu ọ̀nà, bánà yẹn ló sì kó wọn wá. Mo kọ́ wọn. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń gba abẹ́ ojú obìnrin yẹn wọlé lọ kọ́ wọn.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ sílé Mórẹ̀nikẹ́ ní Ìjẹ̀gùn. Ọkọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, ṣùgbọ́n ó fún mi ní àga, ó lọ pè é wá láti ẹ̀yìnkùlé. Ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, Tíṣà."

"Mi ò mọ̀ ni, mà. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo sọ fún yín."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ta ló mọ gbogbo nǹkan? Ká ní ẹ sọ fún mi pé kò dá yín lójú ni, ǹ bá ti ka ìwé yẹn fúnra mi. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ lẹ ṣe sọ ọ́." Ó fi aṣọ nu ọwọ́. "Mi ò ní kí ẹ fún mi ní nǹkan kan. Ẹ ṣáà bá mi yọ fọ́tò yẹn. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bi mí ìgbà tí mò ń lọ."

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí àwọn onífóòmù ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo yá àkàbà, mo gùn ún, mo fi ọ̀bẹ gé bánà náà bọ́ sílẹ̀, mo sì ya ibi tí ojú rẹ̀ wà sí wẹ́wẹ́. Nígbà tó di Mọ́ńdè, Ọ̀gá bi mí bóyá èmi ni. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n kó ẹrù mi.

Bàrúwà ni mo ti ń kọ́ ènìyàn báyìí, nínú pálọ̀ ara mi. A máa ń ka ìwé àwọn tó gbé ìdánwò kalẹ̀ látòkè délẹ̀ kí a tó kan ìṣirò. Bí wọ́n bá bi mí ní ohun tí mi ò mọ̀, mo máa ń sọ pé mi ò mọ̀. Àwọn kan kì í padà wá lẹ́yìn irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Wọn á wá tíṣà tó mọ̀ lọ.

Mórẹ̀nikẹ́ ṣì wà ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì. Lọ́dún tó kọjá, mo gbọ́ pé wọ́n ti fi í ṣe ọ̀gá fún gbogbo ibi ìkẹ́rùsí wọn. Mo pè é lórí fóònù, mo ní, "Ẹ kú oríire, mà."

Ó ní, "Ẹ ṣé, Tíṣà."

Mo dúró bóyá á tún sọ nǹkan kan. Ó ti gé e.