Géètì Bàbá Ará Wales

Títí di òní, mi ò lè gba ẹnu géètì kọjá kí n má bojú wẹ̀yìn. Bàbá ará Wales kan tí mo tọ́jú nítòsí Rye Lane ní Peckham, ní London, ló kó o ràn mí. Bí mo bá ti wọlé fún shift mi, kí n tó kí wọn tán, wọ́n á ti béèrè pé, "Ṣé o ti ti géètì?"

Wọ́n ti ṣe ṣọ́jà, wọ́n sì ti ṣe òṣèlú, ṣùgbọ́n wọn kì í ròyìn ogun tàbí ìbò. Ilẹ̀ ìdílé wọn ní Wales ni wọ́n ń ròyìn, ilẹ̀ salalu tí àgùntàn kún. Bàbá wọn ló kọ́ wọn níbẹ̀ pé ẹni tó bá ṣí géètì ni kó tì í.

"Daddy, kò sí àgùntàn ní Peckham o."

"Ṣáà lọ tì í."

Wọ́n ta ilẹ̀ náà láìsọ fún ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Ọmọ bínú, kò yọjú mọ́. "Èmi ni mo jẹ̀bi," ni gbogbo ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ náà pè. Ó ní òun ti wọ train, òun ń bọ̀. Bàbá nu bàtà ṣọ́jà wọn títí ó fi ń dán, wọ́n jókòó sójú fèrèsé. Mo jáde lọ ra mílíìkì. Bí mo ṣe fẹ́ fa géètì pa dé, mo gbọ́ igbe wọn:

"Fi géètì yẹn sílẹ̀! Ọmọ mi ń bọ̀."