Ìyá Nọ́ọ̀sì Tú Àṣírí Ojú-Ò-Fọ́

Ó ti pẹ́ tí nọ́ọ̀sì yìí ti ń kọ̀wé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ni. Ojú-Ò-Fọ́ ló pe ara rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń rí ní yàrá ìgbẹ̀bí ló ń kọ: ẹ̀rọ omi tó gbẹ, abiyamọ tí wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ lọ wá omi wá kó tó lè wẹ̀. Kò bú èèyàn, kò dárúkọ aláìsàn kankan. Àmọ́ òótọ́ korò; ẹni tó bá fojú hàn sọ ọ́ níbi iṣẹ́ wọn kì í pẹ́ níbẹ̀.

Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá ń pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á máa kà á sókè, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. "Ẹni yìí mọ ilé wa o!" Òun náà á bá wọn rín in.

Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wọn, ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní bó pẹ́ bó yá, òun á mọ ẹni náà.

Ìyá nọ́ọ̀sì nìkan ló mọ̀, ọmọ rẹ̀ sì ti bẹ̀ ẹ́ kó fi sínú. Ó fi sínú lóòótọ́, àfìgbà tí ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ ìwé náà pé òpùrọ́ ni Ojú-Ò-Fọ́. Ara ìyá ò gbà á. Tòun ti orúkọ àti fọ́tò ara rẹ̀, tí àwọn ará ibi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ mọ̀ dáadáa, ló fi fèsì: "Ọmọ tí mo bí kì í purọ́! Nọ́ọ̀sì ni, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́!"

Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀, ó ti fọ́.

Mátírọ́ọ̀nù pe nọ́ọ̀sì. Kò tiẹ̀ mẹ́nu ba omi.

"Tí ọwọ́ ẹ bá mọ́, kí ló dé tó o fi bojú?"

"Nítorí irú ìpè tí ẹ pè mí yìí ni, mà."

Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní yàrá ìgbẹ̀bí, wọ́n ní kó lọ máa ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ń kó ìbọ̀wọ́ àti báńdéèjì sí. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lánàá ń yà fún un lọ́nà.

Ó délé, ó kọjú sí ìyá rẹ̀: "Màmá, mo ṣebí mo ní kẹ́ ẹ má sọ!"

"Wọ́n pè ẹ́ ní òpùrọ́, kí n dákẹ́? Ohun rere kì í fara pamọ́."

"Ẹni tí ò lágbára ńkọ́, Màmá? Kò gbọ́dọ̀ fara pamọ́ ni?"

Inú ń bí ọmọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá jà? Ìyá ẹni ni.

Àwọn òǹkàwé ń béèrè pé kí ló dé tí àwọn ò gbúròó Ojú-Ò-Fọ́ mọ́. Ó jókòó ti fóònù, ó kọ gbólóhùn kan, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn, ó tún pa á rẹ́, ó kanra mọ́ fóònù bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́.