Aṣọ Eré Tí A Dáná Sun

Òórùn aṣọ tí kò gbẹ tán ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni nílé ọ̀gá wa ní Adégbayì. Aṣọ ọba, aṣọ ìyàwó, aṣọ iwin, gbogbo wọn a máa so rọ̀ sórí okùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òógùn eré àná ṣì wà lára wọn, òórùn páúdà àti kẹrosínì a sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá wọlé lójijì á fọwọ́ bo imú. Ní tèmi, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbọ́ òórùn yẹn, kò sì sí èyí tó dùn mọ́ mi tó o láyé. Èmi ni mo ń fọ àwọn aṣọ náà. Bí mo bá fọ̀ wọ́n tán, èmi náà ni mo ń bọ́ sórí ìtàgé lọ ṣe ìyàwó ọba.

Ìwọ náà á rántí ìgbà yẹn, kí fídíò tó gba gbogbo ilé. Ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé ni wá, a tó ogún. Bọ́ọ̀sì kan ló ń kó wa láti gbọ̀ngàn iléèwé kan sí òmíràn. Èrè rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ń jẹ, ebi kì í sì í pa ẹnikẹ́ni sùn. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni ọ̀gá, wọ́n sì ní àṣà kan tó ń fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọn a pe gbogbo wa jọ, wọn a bu omi tútù, wọn a gbàdúrà lé e lórí, wọn a wá ní, "Iṣẹ́ tí o ṣe fún wa ti tó. Máa lọ ní àlàáfíà." Bí a ṣe ń gba òmìnira nìyẹn. Ẹni tó bá gbà á lè lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láìsí ìjà, ó sì lè gba ibòmíràn lọ.

Fíìmù ló kó bá wa. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti ń ṣe fíìmù, àwọn èrò wòran sì ti ń bi wá pé tiwa dà. A ṣe ọ̀kan tí kò tóbi, inú abúlé kan ṣoṣo la ti yà á tán, ó sì mú èrè díẹ̀ wá. Ibẹ̀ ló yẹ kí á ti dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní bí èkejì kò bá ju èkíní lọ, àwọn èèyàn á ní a ti ń jó àjórẹ̀yìn. Ààfin ńlá ni wọ́n fẹ́, ààfin tí ogun máa jó kanlẹ̀ ní òpin fíìmù. A lọ kọ́ ọ sí oko kan lọ́nà Akanran. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń fẹsẹ̀ po amọ̀, tọkùnrin tobìnrin, a sì ń kọrin bí a ti ń pò ó. Èkó ni àwọn oníkámẹ́rà ti wá. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń sùn sí nílùú Ìbàdàn, àwa ń sùn sí abà kòkó. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú kámẹ́rà, ọ̀gá á di orí mú, torí fíìmù tó bá ti gba inú ẹ̀rọ kọjá ti lọ nìyẹn, kò ṣe é tún lò mọ́, owó ni wọ́n sì fi ń ra òmíràn. Kí a tó ṣe é dé ìdajì, wọ́n ti ta bọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá, jẹnẹrétọ̀ náà tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Ta ló fẹ́ kí fíìmù tí ojú òun wà nínú rẹ̀ má tóbi?

Lọ́jọ́ tí a máa dáná sun ààfin, olórí àwọn oníkámẹ́rà wọ inú rẹ̀, ó wò yí ká, ó ní ó ṣófo jù, kò jọ ilé ọba. Èmi ni mo dáhùn, ọ̀rẹ́ mi. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká kó aṣọ eré wa síbẹ̀." Ó dùn mọ́ gbogbo wọn. A gbé àpótí aṣọ wọlé, a fi aṣọ ọba kọ́ ara ògiri, a tún na àwọn aṣọ ńlá tí a ya igbó àti ọjà sí, èyí tí a máa ń ta sẹ́yìn ìtàgé. Nígbà tí iná ràn, ó ràn dáadáa. Àwọn oníkámẹ́rà pàtẹ́wọ́, àwa náà pàtẹ́wọ́. Aláwàdà àgbà wa, tó ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kí wọ́n tó gbéyàwó, nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Bí iléèwé kan bá pè wá lọ́la, kí la máa wọ̀?" A fi í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tí ì parí nígbà tí ọ̀gá dá wa dúró lẹ́yìn àdúrà àárọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ lọ sinmi nílé. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti máa fọ fíìmù yìí. Bó bá ti dé, n ó ránṣẹ́ sí kálukú yín."

Aláwàdà àgbà bi wọ́n pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní gbàdúrà fún wa?"

"Àdúrà kí ni? Ṣé mo lé yín ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ wa nínú. Ẹni tí wọn kò bá gbàdúrà fún, ọmọ ilé ṣì ni. A di ẹrù wa, a ń dá ara wa lápàárá.

Mo padà sọ́dọ̀ bàbá mi ní abúlé wa ní Lágelú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, wọn kò sì fẹ́ iṣẹ́ eré fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n bá mi wá iṣẹ́ akọ̀wé sí sẹkitéríàtì ní Ìyànà Ọ̀fà. Mo ní n kò lè gbà á, torí ìgbàkigbà ni ọ̀gá lè ránṣẹ́. Bàbá mi bọ́ awò ojú wọn. "Ẹni tó ní kí o dúró de òun, ṣé ó sọ ibi tí òun ń lọ fún ọ?" Mo fajú ro, mo ní wọn ò mọ bí iṣẹ́ wa ṣe ń rí. Wọ́n fún ẹlòmíràn níṣẹ́ náà. Fún ọdún kan ó lé, alùpùpù tó bá ti yà wọ abúlé wa, mo ti wà níta kí ó tó pa ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde ni mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Akanran. Mọ́tò kan ń kọjá lọ, ó ń fi ẹ̀rọ agbóhùnsókè polówó fíìmù ńlá kan. Mo wo pósítà tó wà lára rẹ̀. Ojú mi ni. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn iléèwé. Dẹ́rẹ́bà wa àtijọ́ ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ kí n wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, mo kọ̀, mo sanwó. Wọ́n ti fi tapólì dí gbogbo fèrèsé, ooru ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Mo rí ara mi lójú aṣọ funfun, mo tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Mo rí àwọn aṣọ tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án fọ̀ bí wọ́n ti ń jó lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Ọmọ yìí mọ eré ṣe o." Kò mọ̀ pé apá mi ló ń kan apá òun.

Bí mo ti jáde, mo bi dẹ́rẹ́bà pé ìgbà wo ni fíìmù dé.

"Ó ti tó oṣù mẹ́wàá."

"Ọ̀gá ò wá ránṣẹ́?"

Ó ń tú okùn tapólì, kò wo ojú mi. "Ìyàwó ọba, má bínú. Èmi àtọ̀gá nìkan là ń gbé e kiri. Wọ́n ní fíìmù kì í jẹ ẹ̀bà, kì í sì í ṣàìsàn."

Ojú mi ń ṣiṣẹ́ fún wọn káàkiri ìlú, èmi alára jókòó sílé. Fíìmù náà kò kúkú gbé ọ̀gá débì kan. Fídíò dé, kálukú jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ọ̀gá sì ta ilé Adégbayì. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ padà sórí ìtàgé. Bọ́ọ̀sì dà? Aṣọ dà? Èèyàn dà? N kò káàánú wọn. Irọ́ ni mo pa, àánú wọn ṣe mí díẹ̀, ìyẹn gan-an ló tún ń bí mi nínú.

Nígbà tó yá, mo di onílé búrẹ́dì. Lọ́dún tí fúláwà di ọ̀wọ́n gógó, mo ní láti dá obìnrin mẹ́ta dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo pè wọ́n jọ láàárọ̀, mo ní, "Iṣẹ́ ti tán. N kò ní ránṣẹ́ sí yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn lónìí." Mo bu omi tútù, mo gbàdúrà fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn kò ṣe àmín. Ó bú mi láti ẹnu ààrò títí dé títì. Mo dúró, mo jẹ́ kó bú mi tẹ́rùn. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi gbọ́ pé ó ti rí iṣẹ́ síbòmíràn. Èmi ò bú ẹnikẹ́ni láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá ní ká lọ sinmi. Ṣe ni mo kúnlẹ̀, mo sì dúpẹ́.