Áṣáà Tí Mo Fẹ́ Sínú Òdòdó Ọ̀pẹ

Òórùn òdòdó ọ̀pẹ ló máa ń gbé mi padà síbẹ̀, òórùn dídùn tó ń wọ imú bí ẹmu àárọ̀. Oko ìjọba ni, lẹ́bàá Ọ̀tà, níbi tí ilé ti gba gbogbo ilẹ̀ báyìí, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa. Òyìnbó oko náà fẹ́ gbéyàwó fún ọ̀pẹ: ìyá tí ẹyìn rẹ̀ lẹ́ran, bàbá tí èkùrọ́ rẹ̀ kò léèpo, kí ọmọ wọn lè lépo jù wọ́n lọ. Èmi ni agunọ̀pẹ wọn. Mo ti fi àpò aṣọ bo òdòdó abo kí atẹ́gùn àti kòkòrò má baà kó àlè wá bá a. Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀pẹ yẹn ga débi pé bí mo bá wúkọ́ lókè, àwọn ará Itele, ìlú kejì, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, akọ̀wé oko fún mi ní lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ nínú ìgò kékeré. "Ọ̀bọ ìjọba, má dà á nù o! Ọdún kan la fi wá a."

Ìgò áṣáà mi wà nínú àpò kan náà. Àwa tá à ń gun ọ̀pẹ kì í wo ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ló ń ríran fún wa. Ọwọ́ mi mú ìgò kan, mo fẹ́ ohun inú rẹ̀ gba ihò kékeré ara àpò aṣọ wọlé, mo dí ihò náà. Mo wá fa ìgò kejì símú láti fi dúpẹ́. Òórùn òdòdó ọ̀pẹ! Mo sín, igbà mì lábẹ́ ìdí mi. Àṣé áṣáà ni mo fẹ́ sí ìyàwó lára! Mo tún ihò ṣí, mo gbọn ìwọ̀nba tí imú mi ṣẹ́kù sí i, mo sọ̀kalẹ̀.

"Ó wọlé?" òyìnbó bi mí.

"Ó wọlé, sà."

Oṣù márùn-ún ni mi ò fi gbádùn oúnjẹ. Àràárọ̀ ni mò ń lọ wòkè nídìí ọ̀pẹ yẹn bí ọkọ tí aya rẹ̀ ń rọbí. Nígbà tá a gé ìdì ẹyìn náà, ọmọ ẹyìn mẹ́tàlá péré ló wà lára rẹ̀. Òyìnbó yíjú sí akọ̀wé, ó ní òkú lẹ́búlẹ́bú ló kó sínú ìgò, kó máa lọ sílé. Akọ̀wé ẹlẹ́nu ṣáṣá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ jọ. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Sà, èmi ni. Imú mi ló jẹ ẹ́."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ kí òyìnbó tó gbà. Ó fi akọ̀wé sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́, ó gba igbà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n gbin mẹ́tàlá náà, kí n máa bomi rin wọ́n títí wọn ó fi so. Nígbà tí wọ́n so, èèpo èkùrọ́ wọn fẹ́lẹ́ débi pé eyín ni mo fi fọ́ ọ.

Bí mo bá rántí ètè akọ̀wé yẹn, mo máa ń mọ̀ pé kì í ṣe orí ọ̀pẹ ni mo ti sún mọ́ ìṣubú jù. Ọ̀kan nínú ọmọ ọ̀pẹ mẹ́tàlá náà wà lẹ́yìnkùlé mi ní Joju, l'Ọ̀tà. Bí ìyàwó mi bá fi epo rẹ̀ dín oúnjẹ, tí gbogbo ilé ń sín, wọ́n á ní ata ni. Mi ò bá wọn jiyàn rí.